Lẹ́tà ṣíṣí sí ẹ̀yin onígẹdú Òṣogbo: kì í ṣe igi tẹ́ ẹ gé ló ń dùn mí, ilẹ̀ tẹ́ ẹ tẹ̀ ni

Ẹ̀yin bàbá mi, ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n mi, onígẹdú àti onísọ́mìlì Òṣogbo, pẹ̀lú ẹ̀yin ọ̀gá tẹ́ ẹ ń bá wọn wa katapílà wọ igbó, ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ kú ìnáwó dísẹ́ẹ̀lì.

Ẹ jẹ́ kí n tètè sọ irú ẹni tí mo jẹ́ kẹ́nì kan má baà bẹ̀rẹ̀ sí bú mi. Kápíńtà ni mí, ọ̀nà Ìkìrun ni ṣọ́ọ̀bù mi wà, pákó ni mo fi ń jẹun. Ọwọ́ yín ni mo ti ń ra afàrà, ọwọ́ yín ni mo ti ń ra arère tí mo fi ń ṣe férémù àga, tí ìyàwó tuntun bá sì ní bẹ́ẹ̀dì ọ̀gànwó lòun fẹ́, ẹ̀yin náà ni mo máa ń sáré tọ̀ wá. Torí náà mi ò wá síbí wá sọ pé kẹ́ ẹ má gé igi mọ́. Àwọn tó ń sọ ìyẹn lórí Facebook, orí àga onígi ni wọ́n jókòó sí tí wọ́n fi ń tẹ̀ ẹ́. Ọ̀rọ̀ tèmi yàtọ̀. Gbogbo ẹni tó bá dé inú igbó tẹ́ ẹ ti ṣiṣẹ́, kùkùté ni wọ́n ń kà, mi ò tíì rí ẹni tó ń wo ojú ibi tí katapílà gbà wọlé àti ibi tó gbà jáde.

Ní 2006, mo ṣì wà ní sẹ́kọ́ńdírì, bàbá mi ta igi márùn-ún nínú igbó ẹbí wa lábúlé, lápá ọ̀nà Iléṣà níbẹ̀ yẹn, ìrókò kan, ọ̀gànwó kan, arère mẹ́ta. Owó yẹn ni wọ́n fi san WAEC mi, mi ò lè purọ́. Ṣùgbọ́n oṣù kẹfà ni, òjò ń rọ̀ lójoojúmọ́, katapílà yẹn wọlé ó sì ń ṣe bó ṣe wù ú, igi kọ̀ọ̀kan ló la ọ̀nà tiẹ̀ fún, tí ọ̀nà kan bá sì ti di pọ̀tọ̀pọ́tọ̀ á fi í sílẹ̀ á gba ẹ̀gbẹ́ ẹ̀, tí ẹ̀gbẹ́ náà bá tún rì á tún yà sí ẹ̀gbẹ́ ẹ̀gbẹ́, nígbà tí wọ́n fi máa parí, igi márùn-ún péré ló kúrò níbẹ̀ àmọ́ ojú ọ̀nà tí bàbá mi kà ju mẹ́wàá lọ. Bàbá ò bínú nígbà yẹn. Wọ́n ní ilẹ̀ ni, koríko á bò ó.

Ọdún tó tẹ̀lé e, wọ́n gbin kòkó sí gbogbo ibẹ̀. Èyí tó bọ́ sí àárín igbó dàgbà, ó ti ń so látọjọ́ yìí. Èyí tó bọ́ sójú ọ̀nà katapílà, òmíì kú, èyí tí ò kú ga tó mi báyìí, ewé ẹ̀ pọ́n bí ẹni tí ibà mú. Ó ti lé ní ọdún 18 o. Tẹ́ ẹ bá gun òkè kékeré tó wà lẹ́yìn abúlé wa, ẹ máa rí ọ̀nà katapílà yẹn bí ẹni fi ìka fa ilà sórí àtẹ, torí ewé Akíntọ́lá àti koríko nìkan ló gbà láti hù níbẹ̀. Fún ọ̀pọ̀ ọdún, ilẹ̀ burúkú la pè é. Àbúrò bàbá mi ní ọwọ́ ayé wà níbẹ̀. Bàbá mi ra fatiláísà, wọ́n bù ú sí i títí owó fi tán, kòkó ò dáhùn.

Èmi náà ò bá má mọ nǹkan kan tí kì í bá ṣe rọ́ọ̀dù, irin tí wọ́n fi ń kọ́lé. Mò ń bá ẹ̀gbọ́n mi kọ́lé lábúlé ní ọdún bíi mélòó kan sẹ́yìn, rọ́ọ̀dù kan ṣẹ́ kù, mo wá fi ń gún ilẹ̀ kiri bí mo ṣe ń rìn lóko, eré lásán. Nínú igbó tí ẹ̀rọ ò dé, mo kàn fi ọwọ́ kan tì í, ó wọlẹ̀ títí ó fi fẹ́ẹ̀ dé ìgbọ̀nwọ́ mi. Mo bọ́ sójú ọ̀nà katapílà, mo tì í, kò lọ. Mo fi gbogbo ara lé e, ó wọlé bí ìka méjì, ló bá dúró gbagidi, àfi bí ìgbà téèyàn bá gún kọnkéré. Ọjọ́ kejì mo mú agolo mílíìkì, mo gé orí gé ìdí ẹ̀, mo tẹ̀ ẹ́ wọlẹ̀ díẹ̀, mo da píọ́ wọ́tà kan sínú ẹ̀. Nínú igbó, kí n tó ki ọ̀rá ẹ̀ sápò, omi ti wọlẹ̀ lọ. Lójú ọ̀nà katapílà, ìyàwó mi pè mí lórí fóònù, a sọ̀rọ̀ owó súkù ọmọ, a jà, a parí ìjà, omi ṣì wà nínú agolo ń wò mí.

Ìgbà yẹn ni mo bẹ̀rẹ̀ sí ka nǹkan nípa ẹ̀, tí mo sì ń bi àwọn tó kàwé iṣẹ́ àgbẹ̀. Ohun tí mo gbọ́ nìyí. Ilẹ̀ igbó dà bíi búrẹ́dì Agége. Tẹ́ ẹ bá bu ilẹ̀ dúdú tó wà lókè yẹn, nǹkan bí ìdajì ẹ̀ kì í ṣe erùpẹ̀ rárá, àlàfo ni, ihò ekòló, ihò ikán, ojú gbòǹgbò tó ti jẹrà, títí kan àwọn ihò tójú ò lè rí. Ihò ńláńlá ni omi òjò ń gbà wọlẹ̀ tí afẹ́fẹ́ sì ń gbà wọlé, ihò kéékèèké ló ń fi omi pa mọ́ de ẹ̀ẹ̀rùn. Tí katapílà bá ti gun orí ẹ̀, ihò ńláńlá ló ń kọ́kọ́ pa dé. Ẹ ti rí àwọn ìyá tó ń ṣe gàrí àbí, bí wọ́n ṣe ń gbé àpò ẹ̀gẹ́ sábẹ́ jáàkì tí wọ́n á máa yí i tí àpò á fi pẹlẹbẹ bíi pákó? Jáàkì yẹn ni katapílà, àmọ́ kò sẹ́ni tó máa wá tú àpò tibí kó tún un kù.

Gbòǹgbò ọmọ igi tó bá hù síbẹ̀ kò ní rí ọ̀nà lọ sísàlẹ̀, orí ilẹ̀ lá máa nà sí, tí ẹ̀ẹ̀rùn bá dé ó kú. Gbòǹgbò náà ń mí, bí èmi àti ẹ̀yin ṣe ń mí, tí omi bá sì dúró sójú táyà fún ọ̀sẹ̀ méjì, èémí ẹ̀ á sé. Èyí tó yà mí lẹ́nu jù ni ti fatiláísà bàbá mi: nínú ilẹ̀ tí ò ní afẹ́fẹ́, àwọn kòkòrò àìfojúrí kan wà tí wọ́n á mú nitrogen inú fatiláísà yẹn, wọ́n á sọ ọ́ di gáàsì, á fẹ́ lọ sójú ọ̀run. Bàbá mi ń ra fatiláísà fún afẹ́fẹ́ láìmọ̀. Àwọn fọ́nrán funfun kan tún wà tó dà bí òwú aláǹtakùn, wọ́n fara jọ èyí tẹ́ ẹ máa ń rí tẹ́ ẹ bá ṣí ewé jíjẹrà nínú igbó, ìbátan olú ni wọ́n, àwọn ló ń bá gbòǹgbò igi wá oúnjẹ kiri inú ilẹ̀. Katapílà ń já àwọn náà, tó bá sì ti fi abẹ́ iwájú ẹ̀ họ ilẹ̀ dúdú kúrò láti lànà, wọ́n bá a lọ nìyẹn.

Mo mọ̀ pé àwọn ọ̀gá dẹ́rẹ́bà ní èsì. Mo ti bá ọ̀kan jókòó, àgbà ọkùnrin, ó ti ń wa katapílà kí wọ́n tó bí mi, ó ní “ọmọ mi, ẹsẹ̀ katapílà fẹ̀, kì í wúwo lórí ilẹ̀, lọ́rì ni kó o lọ bá jà.” Ó jàre dé ìwọ̀n kan o. Ẹsẹ̀ onírin tó fẹ̀ ń pín ìwúwo, ó ń tu ojú ilẹ̀ lára ju táyà líle lọ. Àmọ́ ibi tí ìwúwo ń jìn dé nísàlẹ̀, iye tọ́ọ̀nù gbogbo ẹ̀rọ náà ló ń pinnu ìyẹn, katapílà tó sì lè fa gẹdú lè tó tọ́ọ̀nù 15 sí 20, kẹ́ ẹ tó wá ka gẹdú tó ń wọ́ bọ̀ lẹ́yìn, ìrókò tútù sì rèé, kúbíìkì mítà kan ẹ̀ súnmọ́ tọ́ọ̀nù kan. Ẹ̀rọ náà tún ń gbọ̀n, gbígbọ̀n yẹn gan-an sì ń bá a ki ilẹ̀ ni. Tó bá wá yí po lójú kan báyìí, ẹsẹ̀ fífẹ̀ yẹn náà lá fi gé ilẹ̀ dúdú bí ẹni fi ọkọ́ gé e.

Ọ̀rọ̀ kejì tí bàbá yẹn sọ ni mo ń torí ẹ̀ kọ lẹ́tà yìí. Ó ní àwọn kì í gba ojú kan lọ́pọ̀ ìgbà, àwọn máa ń pín in káàkiri, kí ilẹ̀ má baà bàjẹ́ jù lójú kan. Tìfẹ́tìfẹ́ ló fi sọ ọ́, ó rò pé àánú ilẹ̀ lòun ń ṣe. Òdìkejì gan-an ni. Ibi tí wọ́n ti wọn nǹkan wọ̀nyí pọ̀, ohun kan náà ni wọ́n sì ń rí: ìgbà àkọ́kọ́ tí ẹ̀rọ gba ibì kan, pẹ̀lú ìwọ̀nba ìgbà díẹ̀ tó tẹ̀lé e, ló ń fa èyí tó pọ̀ jù nínú kíkì ilẹ̀ yẹn. Lẹ́yìn ìyẹn, tó bá gbabẹ̀ nígbà ogún sí i, ohun tó ń fi kún un ò tó nǹkan mọ́ torí ilẹ̀ ti dì tán. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti gúnyán rí, ẹ mọ̀ ọ́n, ìlù àkọ́kọ́ ló ń fọ́ iṣu. Torí náà ẹni tó gba ojú kan nígbà ọgbọ̀n, ojú kan ló bà jẹ́. Ẹni tó gba ojú mẹ́wàá ní ẹ̀ẹ̀mẹta mẹ́ta, ojú mẹ́wàá ló bà jẹ́, ó sì máa lọ sílé pẹ̀lú ọkàn mímọ́.

Ti òjò náà wà níbẹ̀. Gbogbo wa mọ̀ pé pọ̀tọ̀pọ́tọ̀ ò dáa fún ẹ̀rọ. Àmọ́ ẹ bi àwọn tó ń ṣe búlọ́ọ̀kù lẹ́bàá títì: yanrìn gbígbẹ ò lè dì, yanrìn tómi pọ̀ jù á máa ṣàn, èyí tómi ẹ̀ mọ níwọ̀n lẹ̀rọ máa ń tẹ̀ tó fi ń di búlọ́ọ̀kù. Bẹ́ẹ̀ náà ni ilẹ̀ igbó. Ọjọ́ kejì òjò, tí oòrùn yọ, tójú ilẹ̀ ti gbẹ díẹ̀, tí dẹ́rẹ́bà ní “ó ti gbẹ, ó yá,” ọjọ́ búlọ́ọ̀kù nìyẹn. Ọjọ́ tí ojú ọ̀nà bá sì rọ̀ bí ẹ̀kọ, táyà á gbẹ́ kòtò, kòtò náà á di ọ̀nà omi, tó bá wá jẹ́ pé gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ òkè ni, òjò ọdún tó ń bọ̀ á gbà á kó ilẹ̀ dúdú lọ sódò.

Mo gbọ́ pé ní Jámánì, ẹ̀rọ ò gbọ́dọ̀ máa rìn gbéregbère nínú igbó, ojú ọ̀nà tí wọ́n ti sàmì sí tẹ́lẹ̀ ló ń gbà, ọ̀kan sí èkejì á jìnnà tó mítà 20, níbòmíì mítà 40. Ẹ lè sọ pé ìyẹn Jámánì, ẹ̀rọ wọn lówó, ilẹ̀ wọn yàtọ̀. Òótọ́ ni, ilẹ̀ wọn yàtọ̀, àmọ́ ibi tó ti yàtọ̀ ló yẹ kó bà wá lẹ́rù. Lọ́dọ̀ wọn, omi inú ilẹ̀ máa ń di yìnyín nígbà òtútù, á wú, á ti erùpẹ̀ síwá sẹ́yìn, ìyẹn ń bá wọn tú ojú ilẹ̀ díẹ̀díẹ̀, síbẹ̀ wọ́n ṣì ń rí ojú ẹ̀rọ lẹ́yìn ọ̀pọ̀ ọdún. Tiwa, yìnyín ò sí. Irú amọ̀ tó pọ̀ nínú ilẹ̀ pupa wa kì í sì í wú kó sán bíi ti amọ̀ dúdú àkùrọ̀ kan. (Àwọn onímọ̀ ilẹ̀ tiẹ̀ fi Ìwó sọ irú ilẹ̀ kan lórúkọ, ilẹ̀ Ìwó, ẹni tó bá ti gbẹ́ kànga nítòsí wa mọ irú ilẹ̀ yẹn, yanrìn díẹ̀ lókè, òkúta wẹẹrẹ lábẹ́ ẹ̀, amọ̀ pupa tó le lábẹ́ ìyẹn.) Kí ló kù tó máa bá wa tú u? Ekòló, ikán àti gbòǹgbò, àwọn tí katapílà ti kọ́kọ́ lé lọ náà nìyẹn. Ní Sábà ní Malaysia, níbi tójò ti ń rọ̀ ju tiwa lọ, wọ́n wo ojú ọ̀nà búlúdósà tó ti pé ọdún 18, igi tó hù síbẹ̀ ò tíì pọ̀ tó tinú igbó tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀. Nígbà tí mo ka ọdún 18 yẹn, oko bàbá mi ni mo rántí.

Ẹ má jẹ́ ká lọ jìnnà ṣá. Gbogbo ọmọ Òṣogbo ló mọ ìtàn Láròóyè àti Tìmẹ́hìn, igi tí wọ́n gé tó wó sódò tó fọ́ ìkòkò aró Ọ̀ṣun, tí ohùn fi tinú omi jáde pé ẹ̀yin oṣó igbó, ẹ ti fọ́ ìkòkò aró mi tán. Ibẹ̀ làwọn àgbà ní orúkọ ìlú wa ti wá. Igi kan ṣoṣo, kò sì sí katapílà nígbà yẹn. Igbó Ọ̀ṣun tó kù wá lónìí, hẹ́kítà 75 péré, ìjọba àpapọ̀ fi òfin dáàbò bò ó ní 1965, Àdùnní Olórìṣà, òyìnbó oníṣẹ́ ọnà tó ń jẹ́ Susanne Wenger, lo ayé ẹ̀ lórí ẹ̀, UNESCO sì mú un mọ́ ohun ìní àgbáyé ní 2005. Ẹ lọ síbẹ̀ lẹ́yìn ọdún Ọ̀ṣun. Ogunlọ́gọ̀ èèyàn ló ń tẹ̀lé Arugbá wọ ibẹ̀ lóṣù kẹjọ, nígbà òjò gan-an, ẹ sì wo ojú ọ̀nà tí èrò ń gbà lọ sétí odò, ó le bí ilẹ̀ pálọ̀. Ẹ wá yà sápá kan bí ìṣísẹ̀ mẹ́wàá, ilẹ̀ rọ̀, ewé bò ó, ekòló wà níbẹ̀. Gbogbo èrò yẹn lọ́dọọdún, igbó ò kú, torí ojú kan náà ni wọ́n ń gbà.

Kí n má sì gbé ẹ̀sùn ẹlòmíì rù yín o. Pípọ́n tí odò Ọ̀ṣun pọ́n láti bí ọdún mélòó kan, iṣẹ́ góòlù lápá òkè odò ni àwọn èèyàn ń tọ́ka sí jù, kì í ṣe gẹdú. Ṣùgbọ́n odò kéékèèké tó ń ṣàn wọ inú ẹ̀, ibi tí katapílà bá ti là á kọjá níbi mẹ́rin, ó ń fi kún un.

Ohun tí mò ń bẹ̀bẹ̀ fún ò pọ̀. Kí ayùn ẹlẹ́ńjìnnì tó kan igi àkọ́kọ́, kí ẹni tó ń ra igi àti dẹ́rẹ́bà jọ wọ igbó pẹ̀lú àdá àti ọ̀dà, kí wọ́n wo ibi tígi wà, kí wọ́n sàmì sí ọ̀nà kan tó máa kó gbogbo wọn jáde, kí wọ́n sì gé igi kó ṣubú kọjú sí ọ̀nà yẹn. Katapílà á dúró sójú ọ̀nà, wáyà ló máa nà wọgbó lọ fa gẹdú wá. Mo mọ̀ pé àwọn bọ́ìsì kì í fẹ́ fa wáyà, ó wúwo, ó rọrùn kí ẹ̀rọ lọ bá igi níbi tó wà. Àmọ́ ẹ bá mi ṣírò dísẹ́ẹ̀lì tí ẹ̀rọ ń jó tó bá ń wá ọ̀nà kiri, pẹ̀lú ọmọ igi tó ń tẹ̀ pa, tí ẹ̀yin fúnra yín ò bá tún wá gé lọ́dún 20 sí i. Kẹ́ ẹ gbé imú gẹdú sókè kó má máa túlẹ̀ bíi ti ẹlẹ́dẹ̀. Kẹ́ ẹ da ẹ̀ka àti ewé sójú ọ̀nà náà kí ẹ̀rọ máa gun orí wọn, bá a ṣe ń tẹ́ pákó sórí ẹrẹ̀ tójò bá rọ̀ lágboolé. Àwọn ìyá tó ń ṣa igi ìdáná ò ní fẹ́ gbọ́ èyí o, ẹ jẹ́ kí wọ́n ṣa tiwọn lẹ́yìn tí ẹ̀rọ bá ti jáde. Tẹ́ ẹ bá sì ń lọ, kẹ́ ẹ kọ ebè dábùú ọ̀nà níbi tó bá ti dà gẹ̀rẹ́, kí omi má rí títì sáré lórí ẹ̀.

Ti òjò ló le jù, mo mọ̀ bẹ́ẹ̀, èmi náà ń rà á. Oṣù kẹrin dé oṣù kẹwàá ni pákó máa ń wọ́n, owó wà níbẹ̀. Ojoojúmọ́ sì ni ẹni tó yá yín ní katapílà ń gba owó, bóyá ẹ̀rọ ṣiṣẹ́ ni o, bóyá kò ṣiṣẹ́ ni o, ta ló máa wá jókòó wo òjò? Ẹ bá wọn sọ ọ́ kẹ́ ẹ tó yá ẹ̀rọ, pé ọjọ́ tójò bá rọ̀ àti ọjọ́ kejì ẹ̀, ìdajì owó ni. Onígẹdú kan ṣoṣo ò lè sọ irú ẹ̀, wọ́n á ní kó máa lọ. Ẹgbẹ́ lè sọ ọ́. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ lè pa iye pákó pọ̀ láàárọ̀ ọjọ́ kan tí gbogbo sọ́mìlì Òṣogbo sì gbà, tí èmi kápíńtà ò rí ibi kankan sá sí, èyí ò lè ṣòro fún yín.

Mo ti gé rọ́ọ̀dù mẹ́fà, gbogbo wọn gùn bákan náà, mo pọ́n ẹnu wọn, wọ́n wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù mi. Ẹni tó bá rò pé àsọdùn ni mò ń sọ nínú yín, kó wá mú ọ̀kan, kó gbé e lọ sínú igbó tó ti ṣiṣẹ́ ní ọdún mẹ́wàá sẹ́yìn, kó fi ọwọ́ ara ẹ̀ tì í wọlẹ̀ lójú ọ̀nà katapílà àti níbi tí ẹ̀rọ ò dé. Kó sáà dá rọ́ọ̀dù mi padà.

Èmi ni tiyín,
kápíńtà ọ̀nà Ìkìrun, Òṣogbo.